Orúkọ Tó Wà Nínú Rẹ́jísítà Ló Yẹ Kó Ṣílẹ̀kùn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga lóde òní, orúkọ kì í ṣe ìjánu nìkan mọ́, ó ti di kọ́kọ́rọ́. Bí orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ bá wà níbi tó yẹ kó wà, ilẹ̀kùn á ṣí fún un. Bí kò bá sí níbẹ̀, ó lè ti san owó ilé-ẹ̀kọ́ tán, ó lè ti ka ìwé rẹ̀ ní àkàtúnkà, ìta ni yóò wà. Kì í ṣe ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn ìdánwò nìkan ni mò ń sọ. Mò ń sọ ti ojú-òpó ilé-ẹ̀kọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí àwọn olùkọ́ ń kó ìwé kíkà, iṣẹ́ àṣetiléwá àti ìdánwò kéékèèké sí.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò lọ́jú pọ̀. Rẹ́jísítà àwọn tó forúkọ sílẹ̀ fún kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan wà lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́. Ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣàkóso ojú-òpó náà sì ní tirẹ̀: ó ní ẹgbẹ́ fún kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá sì wà nínú ẹgbẹ́ náà nìkan ló lè rí ohun tí olùkọ́ gbé síbẹ̀. Ọmọ ìyá kan náà ló yẹ kí rẹ́jísítà àti ẹgbẹ́ kọ́ọ̀sì jẹ́. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wa, wọn kò mọ ara wọn rí. Ẹnì kan ló ń fi ọwọ́ kọ orúkọ láti ibì kan sí ibòmíràn, aṣojú kíláàsì ló sì sábà máa ń jẹ́. Èrò tèmi ni pé kí á jáwọ́ nínú rẹ̀. Kí rẹ́jísítà fúnra rẹ̀ máa dá ẹgbẹ́ kọ́ọ̀sì sílẹ̀, kí ó máa tún un ṣe bí nǹkan bá yí padà, kí ó sì máa tì í nígbà tí sáà bá parí.

Ẹ jẹ́ kí á wo bí nǹkan ṣe ń lọ báyìí. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò sanwó, yóò wọ pọ́tàlì, yóò mú àwọn kọ́ọ̀sì rẹ̀, yóò tẹ fọ́ọ̀mù jáde. Yóò wá máa gbé fọ́ọ̀mù náà kiri láti ọ̀dọ̀ olùdámọ̀ràn dé ọ̀dọ̀ olórí ẹ̀ka, títí gbogbo wọn yóò fi bu ọwọ́ lù ú. Nígbà tí wàhálà yẹn bá tán, ṣé kò yẹ kí ilé-ẹ̀kọ́ ti mọ ẹni tó ń ṣe kọ́ọ̀sì wo? Pọ́tàlì mọ̀ ọ́n o. Ṣùgbọ́n ojú-òpó tí olùkọ́ fi ń kọ́ni kò bá pọ́tàlì sọ̀rọ̀. Nítorí náà, olùkọ́ yóò wọ kíláàsì, yóò ní kí aṣojú kíláàsì gba orúkọ gbogbo èèyàn. Ìwé á máa ti ọwọ́ dé ọwọ́. Ẹni tí ibà dá dùbúlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn kò sí nínú rẹ̀. Ẹni tó kàn wá bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ jókòó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ti wà ní ọdún kẹta, tó ń padà wá ṣe carry-over láàárín àwọn ọmọ ọdún kejì, tí kò mọ aṣojú wọn, kò gbọ́ rárá pé wọ́n ń gba orúkọ. Ìwé yìí ni wọn yóò tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, òun náà ni yóò di ẹgbẹ́ kọ́ọ̀sì.

Àbájáde rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Iṣẹ́ àárín sáà ní máàkì tirẹ̀, 30 tàbí 40 nínú 100 ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wa. Bí wọ́n bá ṣe ìdánwò kékeré kan lórí ojú-òpó láti aago mẹ́wàá sí aago mẹ́wàá ààbọ̀, tí ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ẹgbẹ́ sì ń tẹ fóònù rẹ̀ títí, tí ohun tó ń rí kò ju pé a kò gbà á láàyè láti wọlé, odo ni yóò gbà. Kò sùn, kò gbàgbé, kò jalè. Ẹnì kan ló fo orúkọ rẹ̀.

Ọmọ Fegge ni mí, ní Onitsha. Àárín àwọn oníṣòwò Main Market ni mo dàgbà sí, mo sì ti ń rí alájọ láti kékeré. Àwọn Ìgbò náà ń dá àjọ, isusu ni wọ́n ń pè é. Alájọ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ní ìwé kan ṣoṣo. Ìwé tó fi ń kọ owó tó ń gbà lọ́wọ́ ìyá aláta ní àràárọ̀ ni ìwé tí yóò ṣí nígbà tí oṣù bá parí láti fi san owó fún un. Kò jẹ́ dá ìwé mìíràn sílẹ̀ fún ọjọ́ ìsanwó, kí ó wá máa béèrè lọ́wọ́ àwọn tó dúró níwájú rẹ̀ pé, "Ta ló dá àjọ lọ́dọ̀ mi o?" Bó bá dán irú rẹ̀ wò, ọjà á dàrú lọ́jọ́ náà. Ohun tí àwọn ìyá wa kò lè gbà lọ́wọ́ alájọ ni àwa tí a ń kàwé gbà lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́: ìwé kan fún ìgbà tí a ń sanwó, ìwé mìíràn fún ìgbà tí a fẹ́ wọlé.

Ọ̀rọ̀ yìí tún kan àwa ọmọ Yorùbá tí a ń gbé ìhà ìlà-oòrùn odò Ọya lọ́nà mìíràn, ìyẹn ni ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ orúkọ wa. Ẹ mú orúkọ bíi Ṣọlá. Ẹnì kan á kọ ọ́ ní Sola, ẹlòmíràn á kọ ọ́ ní Shola, ẹni tó fi etí gbọ́ ọ nínú ariwo kíláàsì á kọ ọ́ ní Chola. Olúwaṣeun a di Oluwaseun, a di Oluwasheun, a tún di Seun lásán. Ẹnì kan á fi orúkọ bàbá ṣíwájú, ẹlòmíràn á fi í kẹ́yìn. Ènìyàn lè wo gbogbo rẹ̀ kí ó rẹ́rìn-ín, kí ó mọ̀ pé ẹnì kan náà ni wọ́n ń pè. Kọ̀ǹpútà kò lè rẹ́rìn-ín. Lẹ́tà sí lẹ́tà ló fi ń wo orúkọ. Bí lẹ́tà kan bá yàtọ̀, ẹni ọ̀tọ̀ ni lójú tirẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwọn Ìgbò ló ń fi èyí jẹ wá níyà. Ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ Ìgbò tó ń kàwé ní Èkó tàbí ní Ìbàdàn bí wọ́n ṣe ń kọ Ọkọnkwọ àti Ọnụọha. Ìyà kan náà ló ń jẹ wá. Ní 1857, ọmọ Yorùbá kan, Samuel Ajayi Crowther, gúnlẹ̀ sí Onitsha yìí pẹ̀lú John Christopher Taylor, ẹni tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Ìgbò, tí wọ́n sì bí sí Sierra Leone. Taylor ló dúró sí Onitsha láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìjọ. Lọ́dún náà gan-an ni ìwé kékeré tí Crowther ṣe fún kíkọ́ èdè Ìgbò jáde. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ bí a ó ṣe kọ ohùn ènìyàn sílẹ̀ kò ṣàjèjì sí ìlú yìí. Nígbà tí Ìgbìmọ̀ Ọ́nwụ́ fìdí àkọtọ́ Ìgbò múlẹ̀ ní 1961, àmì abẹ́ wà nínú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà nínú ẹ, ọ àti ṣ tiwa.

Àmì abẹ́ yìí àti àmì ohùn ló tún fa ìṣòro kan tí ojú kò lè rí. Unicode ni ìlànà tí kọ̀ǹpútà gbogbo àgbáyé fi ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà. Nínú Unicode, ọ̀nà méjì ló wà láti kọ ọ: a lè lo nọ́ńbà kan ṣoṣo tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un, a sì lè kọ o lásán kí á fi nọ́ńbà mìíràn lé e fún àmì abẹ́. Ní ti ọ́ tó ní àmì abẹ́ àti àmì òkè pọ̀, kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo rárá. Dandan ni kí á to méjì tàbí mẹ́ta pọ̀. Bí kọ̀ǹpútà rẹ́jísírà bá kọ Ọlá lọ́nà kan, tí fóònù akẹ́kọ̀ọ́ sì kọ ọ́ lọ́nà kejì, ojú rẹ àti ojú mi kò ní rí ìyàtọ̀ kankan. Kọ̀ǹpútà á ní Ọlá méjì ni. Òótọ́ ni pé ọ̀nà wà láti sọ méjèèjì di ọ̀kan kí á tó fi wọ́n wé ara wọn, ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi ọwọ́ tẹ orúkọ ní alẹ́ lórí fóònù kò ní rántí ìyẹn.

Kí ni kí á ṣe nígbà náà? Kí á má fi orúkọ so rẹ́jísítà mọ́ ẹgbẹ́ kọ́ọ̀sì. Nọ́ńbà tí ilé-ẹ̀kọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́, èyí tí gbogbo wa ń pè ní matric number, ni kí á fi so wọ́n. Nọ́ńbà kì í ní àmì ohùn, kì í ní ìnagijẹ, kì í yí padà bí ọmọbìnrin bá lọ́kọ láàárín ọdún kejì sí ọdún kẹta. Ṣùgbọ́n kí orúkọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà náà, kí á kọ ọ́ pé, pẹ̀lú àmì rẹ̀, bí ẹni tó ni ín ṣe ń kọ ọ́. Nọ́ńbà fún kọ̀ǹpútà, orúkọ fún ọmọ ènìyàn.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á béèrè pé, "Àwọn ọmọ tuntun tí wọn kò tíì fún ní matric number ńkọ́?" Ìbéèrè gidi ni. Láti 2017 ni JAMB ti ń fi ètò CAPS ṣe ìgbani-wọlé, ọmọ tuntun sì máa ń dé ilé-ẹ̀kọ́ pẹ̀lú nọ́ńbà JAMB lọ́wọ́. Kí ilé-ẹ̀kọ́ fi nọ́ńbà JAMB yẹn bẹ̀rẹ̀, kí ó sì ní àtẹ kan tí yóò so ó mọ́ matric number lọ́jọ́ tí ìyẹn bá jáde. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọmọ kan náà á di ènìyàn méjì: ẹni tó ṣe ìdánwò oṣù àkọ́kọ́, àti ẹni tí wọ́n ń wá máàkì rẹ̀ tì ní ìparí sáà.

Ṣé iṣẹ́ yìí ju agbára wa lọ? Rárá o. Ẹ jẹ́ kí n fi Moodle ṣe àpẹẹrẹ. Martin Dougiamas, ọmọ Australia, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹ̀dà àkọ́kọ́ tó pé sì jáde ní 2002. Ọ̀fẹ́ ni; ilé-ẹ̀kọ́ kankan kò ní láti ra àṣẹ kó tó lò ó. Nínú Moodle, ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà wọ kọ́ọ̀sì pọ̀. Olùkọ́ lè fi ọwọ́ kọ ọ́ wọlé. Akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ọ̀rọ̀ aṣínà wọlé fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí ọ̀rọ̀ aṣínà bá ti dé orí WhatsApp, ó ti di ti gbogbo ayé. Ọ̀nà kẹta ni kí Moodle lọ ka àtẹ tó wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ́jísírà tààrà. Ọ̀nà kẹrin ló rọrùn jù fún ilé-ẹ̀kọ́ tí kò lówó: fáìlì kan lásán. Nínú fáìlì náà, ìlà kọ̀ọ̀kan ní ohun mẹ́rin: ṣé kí á fi kún ni tàbí kí á yọ; ipò ẹni náà, bóyá akẹ́kọ̀ọ́ tàbí olùkọ́; nọ́ńbà ẹni náà; àti nọ́ńbà kọ́ọ̀sì. Ó parí. Pọ́tàlì á kọ fáìlì yìí sílẹ̀ ní alẹ́, Moodle á kà á, ilẹ̀ ọjọ́ kejì á mọ́ bá ẹgbẹ́ kọ́ọ̀sì tó pé.

Ẹni tó bá ní iná àti nẹ́tíwọ̀kì wa kò dára, òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀. Kíláàsì tó ní akẹ́kọ̀ọ́ 300 á ní ìlà 300. Bí ìlà kọ̀ọ̀kan bá ní lẹ́tà 40, gbogbo rẹ̀ jẹ́ lẹ́tà 12,000. Fọ́tò kan tí o yà níbi ìgbéyàwó ní ọjọ́ Sátidé tóbi ju ìyẹn lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Bí iná bá wà fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lóru, iṣẹ́ ti ṣe.

Ibi tí a ti máa rí i kedere pé ọwọ́ lásán kò tó ni àwọn kọ́ọ̀sì gbogbogbòò. Ẹ wo GST 111, ẹ̀kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì tí NUC fi sínú ìlànà tuntun rẹ̀ fún gbogbo yunifásítì. Gbogbo ọmọ ọdún kìíní ló ń ṣe é, láti ẹ̀ka ìmọ̀ òfin títí dé ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ. Aṣojú kíláàsì wo ló lè tẹ orúkọ gbogbo wọn? Ta ló máa pín wọn sí ìsọ̀rí kéékèèké kí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan lè mọ àwọn tirẹ̀? Ṣùgbọ́n rẹ́jísítà ti mọ ẹ̀ka tí oníkálukú ti wá, òun fúnra rẹ̀ lè pín wọn. Ẹ tún wo NOUN, yunifásítì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1983, tí ìjọba ológun tì ní 1984, tí wọ́n sì tún jí dìde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ fọ́n ká gbogbo ìpínlẹ̀. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ tó ní ìdá 30 nínú máàkì wọn. Ìwé wo ni ẹnikẹ́ni máa gbé kiri kíláàsì níbẹ̀? Níbi tí kíláàsì kò bá ti ní ògiri, rẹ́jísítà ni ògiri rẹ̀.

Síbẹ̀, mi ò sọ pé kí á kàn so méjèèjì pọ̀ kí á sì lọ sùn. Bí a bá so ó láìronú, ó lè burú ju ti ọwọ́ lọ. Ohun márùn-ún ni mo rò pé ó yẹ kí a béèrè fún.

Èkíní, yíyọ kúrò kò gbọdọ̀ jẹ́ píparẹ́. Bí rẹ́jísítà bá ní akẹ́kọ̀ọ́ kan kò sí mọ́, ètò kọ̀ǹpútà lè ṣe ọ̀kan nínú méjì: ó lè lé e jáde pátápátá, kí àwọn nǹkan rẹ̀ kan nínú kọ́ọ̀sì náà sì bá a lọ, tàbí kí ó kàn ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn kí iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà nípamọ́. Moodle fún ilé-ẹ̀kọ́ ní àyè láti yan èyí tó bá fẹ́. Kí wọ́n yan títì. Ẹ fojú inú wò ó: lóru ọjọ́ kan, iná lọ, pọ́tàlì ṣe àṣìṣe, ó kọ fáìlì tó ní kí á yọ gbogbo èèyàn sílẹ̀. Bó bá jẹ́ pípa rẹ́ ni wọ́n yàn, ilẹ̀ á mọ́ bá kíláàsì tí kò ní ẹnì kankan, tí máàkì gbogbo wọn sì wà nínú ewu. Nítorí náà, kí òfin kan tún wà pé bí àwọn tí fáìlì fẹ́ yọ lẹ́ẹ̀kan bá pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, kí iṣẹ́ dúró, kí ènìyàn wá wò ó.

Èkejì, kí ọdún ẹ̀kọ́ wà lára orúkọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ rántí pé ìyanṣẹ́lódì ASUU ti 2020 bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta, kò sì parí títí di oṣù kejìlá. Ti 2022 bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù kejì, ó dé ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá. Lẹ́yìn irú ìyẹn, sáà á máa lé sáà. Àwọn kan á ṣì máa parí ọdún tó kọjá nígbà tí àwọn tuntun ti wọlé. Bí ẹgbẹ́ kọ́ọ̀sì kan bá ń jẹ́ orúkọ kọ́ọ̀sì nìkan, láìsí ọdún, ìran méjì á wà nínú yàrá kan náà, ìdánwò àwọn kan á máa jáde sójú àwọn kejì.

Ẹ̀kẹta, kí á má fi ọ̀rọ̀ owó ṣe ìdènà kí àsìkò ìforúkọsílẹ̀ tó tán. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan kì í jẹ́ kí orúkọ wọ rẹ́jísítà àfi bí owó bá pé. Nísinsìnyí tí NELFUND, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2024, ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ àwọn tó yá owó tààrà sí ọwọ́ ilé-ẹ̀kọ́, akẹ́kọ̀ọ́ lè ti ṣe gbogbo tirẹ̀ tán kí owó ṣì wà lọ́nà. Kí wọ́n fi í sínú ẹgbẹ́ pẹ̀lú àmì pé ó ń dúró. Ẹ̀kọ́ tí ọmọ pàdánù ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kì í padà bí owó bá dé.

Ẹ̀kẹrin, kí ènìyàn kan wà tí a mọ̀, ní ọ́fíìsì tí a mọ̀, tí akẹ́kọ̀ọ́ lè lọ bá pé orúkọ òun kò sí. Kí wọ́n fún un ní iye ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ fi dáhùn. Kí ó sì jẹ́ pé rẹ́jísítà gan-an ni ẹni náà máa tún ṣe, kì í ṣe ẹgbẹ́ kọ́ọ̀sì. Bó bá jẹ́ ẹgbẹ́ ló fi ọwọ́ tún ṣe, fáìlì alẹ́ yẹn lè tún yọ ọmọ náà kúrò, ẹjọ́ á sì bẹ̀rẹ̀ láti orí.

Ẹ̀karùn-ún, kí á bo àṣírí ara wa. Láti oṣù kẹfà 2023 ni Nàìjíríà ti ní òfin tó dáàbò bo ìsọfúnni nípa ẹni. Ìwé tí a ń gbé kiri kíláàsì, tó ní orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti matric number gbogbo ènìyàn, tí wọ́n tún wá ya fọ́tò rẹ̀ sí WhatsApp, kò bá ẹ̀mí òfin náà mu. Àwọn ọmọbìnrin inú wa ló mọ iye ìpè àjèjì tó ń wọlé lẹ́yìn irú ìwé bẹ́ẹ̀. Rẹ́jísítà tó bá ń ti kọ̀ǹpútà lọ sí kọ̀ǹpútà kò nílò nọ́ńbà fóònù ẹnikẹ́ni.

Mo mọ àtakò tó máa kọ́kọ́ jáde. Wọ́n á ní aṣojú kíláàsì ń ṣe é dáadáa, ó yára, ó sì mọ gbogbo èèyàn. Mi ò bá àwọn aṣojú kíláàsì jà; iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń ṣe, èébú ni wọ́n sì ń gbà. Ìdí nìyẹn gan-an tí mo fi ní kí á gba ẹrù yìí lórí wọn. Ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí n kò ní dárúkọ, mo mọ ẹni tí wọn kò fi orúkọ rẹ̀ sínú ẹgbẹ́ kọ́ọ̀sì títí ó fi san owó ìwé pélébé kan tí kò fẹ́ rà. Kò sí ẹni tó kọ irú òfin bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ níbì kankan. Ọwọ́ ẹnì kan ni kọ́kọ́rọ́ wà, ẹni náà sì rí i pé kọ́kọ́rọ́ ni. Kò yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ní irú agbára bẹ́ẹ̀ lórí akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹgbẹ́ WhatsApp fún ẹ̀fẹ̀ àti ìkíni ọjọ́ ìbí kò níṣòro. Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Èyí tí máàkì wà nínú rẹ̀ ni kò gbọdọ̀ wà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú wa.

Àwọn kan á tún ní rẹ́jísítà gan-an ní àṣìṣe. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ìwé kan ṣoṣo bá ní àṣìṣe, gbogbo ayé á rí i lọ́sẹ̀ kìíní, wọ́n á tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ibi tó ń ṣàn dé á sì mọ́. Bí ìwé bá jẹ́ mẹ́wàá, àṣìṣe mẹ́wàá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló máa wà, kò sì ní sí ẹni tó lè sọ èyí tó jẹ́ òótọ́. Ó tún ní àǹfààní mìíràn. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ló ní kí akẹ́kọ̀ọ́ wá sí ìdá 75 nínú 100 ìkẹ́kọ̀ọ́ kó tó jókòó fún ìdánwò. Bí wọ́n bá fẹ́ fi òfin yẹn mú wa, ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ mọ iye àwa tó wà nínú kíláàsì.

Kí ni iṣẹ́ tiwa nínú èyí? Mo rọ Ẹgbẹ́ wa pé ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí á kọ lẹ́tà kan sí ilé-ẹ̀kọ́, kí á bá àwọn ẹgbẹ́ ọmọ Ìgbò àti àwọn ẹgbẹ́ yòókù fọwọ́ sí i pọ̀. Ìbéèrè mẹ́ta péré ni kó wà nínú rẹ̀. Ìwé wo ló ń pinnu ẹni tó wà nínú ẹgbẹ́ kọ́ọ̀sì lórí ojú-òpó? Ta ló ń tún un ṣe bó bá ṣì? Ọjọ́ mélòó ló máa fi dáhùn? Ilé-ẹ̀kọ́ tó bá lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibi tí à ń lọ. Èyí tí kò bá lè dáhùn, a ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà.

Ilé la sì ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ìwé orúkọ Ẹgbẹ́ wa fúnra rẹ̀ wà nínú ìwé àjákọ mẹ́ta lọ́wọ́ ènìyàn mẹ́ta, wọn kò sì bára mu. Kí akọ̀wé kó wọn pọ̀ sí ọ̀kan kí ọdún yìí tó parí, pẹ̀lú nọ́ńbà oníkálukú, kí orúkọ kọ̀ọ̀kan sì ní àmì tó yẹ ẹ́. Bí akọ̀wé bá ń wá ẹni tó máa ràn án lọ́wọ́ láti fi àmì sí i, kó wá mi wá.